Ọ̀nà Méjì Ni À Ń Gbà Ka Ìwé Àdéhùn

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti oko, ọjà tàbí ibi iṣẹ́ dé ni ẹ tó mú ìwé yìí lọ́wọ́. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ kà á tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ka ìpín kan, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún ka òmíràn.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí a ń kọ́ ẹgbẹ́ àwọn àgbà kan ní ìwé, bàbá kan tí ó jẹ́ bíríkìlà nawọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Bí ìjọba bá fẹ́ kọ́ afárá tàbí ilé-ìwé, ṣebí owó gbogbo wa ni wọ́n fi ń kọ́ ọ? Kí ló wá dé tí àwọn tí kò mọ ìlú náà rí yóò wá ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, tí àwọn ọmọ ìlú yóò sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọn yóò máa wòran?"

Ìyá kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Wọ́n á ní àwọn ti ṣèlérí pé àwọn á mú ọmọ ìlú."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìlérí kẹ̀? Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n!"

A kò dáhùn ìbéèrè yìí lọ́jọ́ náà, nítorí pé a kò fẹ́ sọ ohun tí kò dá wa lójú. A wí fún bàbá pé a ó wádìí. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí àwọn aráàlú ti ń bèèrè ohun kan náà, tí wọ́n sì ń wá ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn. Níbì kan, ó bọ́ sí i fún wọn. Níbòmíràn, wọ́n kọsẹ̀. Àwọn àgbà sì ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a lọ wo ohun tí ojú àwọn ará Amẹ́ríkà rí.

1. KÍ NI ÀDÉHÙN IṢẸ́?

Iṣẹ́ ìkọ́lé ńlá kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn kan ń to irin. Káfíńtà wà níbẹ̀, bíríkìlà wà níbẹ̀, àwọn tí ń ṣe iná mànàmáná àti àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí ni ó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá bínú, tí ó da iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo iṣẹ́ lè dúró. Bí ẹni tí ń to irin kò bá tò ó, bíríkìlà kò ní ibi tí yóò da kọnkéré sí.

Nítorí èyí, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ni iṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn kan ṣoṣo fún iṣẹ́ náà. Gbogbo agbaṣẹ́ṣe tí ó bá fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ohun tí ó máa ń wà nínú rẹ̀ nìyí:

(a) iye owó tí a ó san fún òṣìṣẹ́;
(b) iye wákàtí tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́;
(d) bí a ó ṣe parí ìjà bí ìjà bá ṣẹlẹ̀;
(e) pé òṣìṣẹ́ kò ní da iṣẹ́ sílẹ̀, agbaṣẹ́ṣe kò sì ní ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ síta;
(ẹ) ibi tí a ó ti máa pe òṣìṣẹ́ wá. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́, níbi tí orúkọ àwọn tí ń dúró de iṣẹ́ wà, ni èyí sábà máa ń jẹ́.

Irú àdéhùn yìí kì í ṣe ohun titun. Ní ọdún 1938, wọ́n lò ó fún iṣẹ́ ìdídò ńlá Grand Coulee ní ìpínlẹ̀ Washington. Ní ọdún 1940, wọ́n lò ó fún ìdídò Shasta ní ìpínlẹ̀ California.

Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun márùn-ún tí a kà sókè yìí. Ta ni wọ́n dárúkọ? Wọ́n dárúkọ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Wọ́n dárúkọ agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n dárúkọ òṣìṣẹ́ tí ó wà nínú ẹgbẹ́. Ṣé wọ́n dárúkọ ọmọ ìlú tí iṣẹ́ náà wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Wọn kò dárúkọ rẹ̀.

2. ẸNI TÍ KÒ SÍ NÍDÌÍ TÁBÌLÌ

Ní àwọn ọdún wọnnì, kò rọrùn fún ènìyàn dúdú láti wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà. Bàbá a mú ọmọ rẹ̀ wọlé, ẹ̀gbọ́n a mú àbúrò rẹ̀ wọlé. Ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, ìta ni ó wà. Bí ó bá sì jẹ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni a ti ń pe òṣìṣẹ́, báwo ni a ó ṣe pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀?

Ní ọdún 1963, ìjọba ń kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Downstate ní Brooklyn, ní ìlú New York. Àwọn ènìyàn dúdú tí ń gbé ní agbègbè náà wò ó pé owó ìjọba ni wọ́n ń ná, síbẹ̀ àwọn ọmọ wọn kò rí iṣẹ́ níbẹ̀ tó. Àwọn àti àwọn pásítọ̀ wọn lọ jókòó sí iwájú ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gbé ẹrù wọlé. Àwọn ọlọ́pàá kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ṣòro láti kà: wọ́n ní kí iṣẹ́ 25 nínú 100 jẹ́ ti ènìyàn dúdú àti ti àwọn tí ó wá láti Puerto Rico.

Ní ọdún 1969, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pa àṣẹ kan fún agbègbè ìlú Philadelphia. Àṣẹ náà ní kí àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ń gba owó ìjọba kọ iye òṣìṣẹ́ dúdú tí wọ́n ń lé bá sílẹ̀, kí a lè wò ó bóyá wọ́n ń sapá láti dé ibẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìwé àdéhùn iṣẹ́. Àwọn aráàlú ní, "Bí owó wa bá wà nínú iṣẹ́ yìí, kí orúkọ wa wà nínú ìwé rẹ̀." Ohun tí wọ́n bèèrè fún ni à ń pè ní ànfààní aráàlú. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn tí ń gbé ní tòsí. Ó lè jẹ́ àyè fún àwọn ọ̀dọ́ láti kọ́ṣẹ́. Ó lè jẹ́ àyè fún àwọn obìnrin, tàbí fún àwọn agbaṣẹ́ṣe kéékèèké ti ìlú náà.

3. ÌLÚ TÍ KÒ SỌ ÌDÍ RẸ̀ TÓ

Camden jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Odò ni ó là á kúrò lára Philadelphia, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Òṣì pọ̀ ní Camden, iṣẹ́ sì wọ́n. Ní ọdún 1980, ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣe òfin pé, nínú iṣẹ́ ìkọ́lé tí owó ìlú bá wà nínú rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ 40 nínú 100 jẹ́ ẹni tí ń gbé ní Camden.

Àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ìkọ́lé gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kóòtù. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1984. Àwọn adájọ́ ní òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ìpínlẹ̀ kan ṣe ará ìpínlẹ̀ kejì bí àjèjì nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Wọn kò sọ pé ohun tí Camden fẹ́ burú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí Camden fi hàn pé àwọn tí ń ti ìta wá ní ọwọ́ nínú ìpọ́njú tí òfin náà fẹ́ wò sàn. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí ilé ẹjọ́ New Jersey kí wọ́n lè gbọ́ ìdí yìí dáadáa.

Kí ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Ìfẹ́ ìlú ẹni dára, ṣùgbọ́n kò tó láti fi kọ òfin. Ẹni tí ó bá fẹ́ ànfààní gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí ó fi tọ́ sí i, kí ó sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn.

4. ÌJỌBA TÍ Ó DI ONÍLÉ

Omi òkun tí ó wà lẹ́nu èbúté Boston, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, bàjẹ́ gan-an nígbà kan rí nítorí omi ìdọ̀tí tí ìlú ń dà sínú rẹ̀ nígbà náà. Ilé ẹjọ́ ní dandan kí wọ́n tún un ṣe. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ní ọdún 1989, wọ́n ṣe àdéhùn iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí iṣẹ́ náà má baà dúró lójú ọ̀nà. Inú àwọn agbaṣẹ́ṣe tí òṣìṣẹ́ wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ kò dùn sí i. Wọ́n ní ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe dandan.

Ní ọdún 1993, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ náà, gbogbo àwọn adájọ́ sì fẹnu kò. Wọ́n ní ohun méjì ni ìjọba lè jẹ́. Ó lè jẹ́ ẹni tí ń ṣe òfin fún gbogbo ènìyàn. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí ń kọ́ ilé tirẹ̀. Bí ó bá ń kọ́ ilé tirẹ̀, ó lè bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣe irú àdéhùn tí òfin gba onílé mìíràn láyè láti ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Ẹni tí ó ni ilé ni ó lè sọ fún bíríkìlà pé, "Mo fẹ́ kí o kọ́ ọmọ mi níṣẹ́ bí o ti ń ṣe iṣẹ́ yìí." Lẹ́yìn ẹjọ́ yìí, ọkàn àwọn ìlú púpọ̀ balẹ̀ láti jókòó ṣe àdéhùn.

5. LOS ANGELES: NỌ́ŃBÀ WỌ INÚ ÌWÉ

Ní ọdún 2001, àwọn onílé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìtura àti ibi ìgbádùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré Staples Center ní ìlú Los Angeles. Kì í ṣe ìjọba ni ó ni iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n nílò àṣẹ àti ìrànlọ́wọ́ ìlú. Àwọn ayálégbé tí ń gbé ní agbègbè náà, àwọn ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ para pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, wọ́n ní ìwé lọ́wọ́ tí ó ní nọ́ńbà nínú. Lára ohun tí wọ́n fojú sùn ni pé iṣẹ́ 70 nínú 100 yóò san owó tí ènìyàn lè fi gbọ́ bùkátà, àti pé ilé 20 nínú 100 yóò jẹ́ èyí tí agbára mẹ̀kúnnù ká. Ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn kọ́gbọ́n lára ìwé yìí.

Ní oṣù January ọdún 2012, Metro, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọkọ̀ èrò ní agbègbè Los Angeles, fi irú ànfààní yìí sínú àdéhùn iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyí:

40 nínú 100 wákàtí iṣẹ́ yóò jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé ní agbègbè tí òṣì wà.
20 nínú 100 wákàtí yóò jẹ́ ti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́.
10 nínú 100 wákàtí yóò jẹ́ ti àwọn tí ìṣòro dè mọ́lẹ̀.

Ta ni àwọn tí ìṣòro dè mọ́lẹ̀? Ìwé náà kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí kò nílé lórí wà níbẹ̀. Òbí tí ó ń dá tọ́ ọmọ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ti pẹ́ tí kò ríṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé girama wà níbẹ̀. Nígbà tí a ka èyí tí ó kẹ́yìn yìí, inú wa dùn. Ọ̀pọ̀ ibi ni àìkàwé tó fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Níhìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún un.

Ẹ tún kíyè sí ohun kan. Owó ìjọba àpapọ̀ wà nínú púpọ̀ nínú iṣẹ́ Metro, òfin owó náà lákòókò yẹn kò sì gbà kí a sọ pé ará Los Angeles nìkan ni a fẹ́. Nítorí náà, nínú iṣẹ́ tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wà, ìwé náà kò dárúkọ ìlú. Ipò òṣì ni ó dárúkọ, ibi yòówù tí ó bá wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti kọ́gbọ́n. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì kọ ìdí náà sílẹ̀.

Àdéhùn náà sì ní kí agbaṣẹ́ṣe ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kàn. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ pé iṣẹ́ wà kò lè wá. Bákan náà ni ti kíkọ́ṣẹ́. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé ní Amẹ́ríkà sábà máa ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n sì ń gba owó bí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá parí, afárá tàbí ojú irin nìkan kọ́ ni ó kù sílẹ̀. Iṣẹ́ kù sí ọwọ́ ènìyàn.

6. "GBÌYÀNJÚ" ÀTI "GBỌ́DỌ̀"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibi yìí ni ọ̀pọ̀ àdéhùn ti ń kú.

Ní ìlú San Francisco, ìlànà kan wà kí ó tó di ọdún 2010. Ó ní kí agbaṣẹ́ṣe gbìyànjú pẹ̀lú ọkàn rere láti fi iṣẹ́ 50 nínú 100 fún ará ìlú. Ẹ gbọ́ bí nọ́ńbà náà ti tóbi tó! Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀? Bí agbaṣẹ́ṣe kò bá dé ibẹ̀, ó kàn ní láti mú ìwé wá láti fi hàn pé òun gbìyànjú. Ó lè kọ lẹ́tà. Ó lè lẹ ìkéde mọ́ ògiri. Ìgbìyànjú ti parí nìyẹn, ọmọ ìlú sì wà nílé.

Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn ọmọ kan máa ń wí fún wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo gbìyànjú láti wá lánàá." A máa ń ṣí rẹ́jísítà, a ó sì fi hàn wọ́n. Rẹ́jísítà kò ní àyè fún ẹni tí ó gbìyànjú. Ẹni tí ó wá wà níbẹ̀, ẹni tí kò wá sì wà níbẹ̀.

Ní oṣù December ọdún 2010, ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco pa ọ̀rọ̀ náà dà. Òfin titun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2011. Nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́: ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 20 nínú 100 wákàtí, nínú iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di "gbọ́dọ̀." Agbaṣẹ́ṣe tí kò bá dé ibẹ̀ lè san owó ìtanràn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó náà? Iye wákàtí tí ó dín ni wọn yóò kà, wọn yóò sì fi owó tí òṣìṣẹ́ ì bá gbà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀.

Èwo ni ẹ̀yin yóò mú? Ṣé 50 tí ó wà lábẹ́ "gbìyànjú," tàbí 20 tí ó wà lábẹ́ "gbọ́dọ̀"? Ẹni tí kò lè kàwé yóò gbọ́ 50, inú rẹ̀ yóò dùn. Ẹni tí ó lè kàwé yóò wá ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú 50.

7. ṢÉ ORÍ NI KÍ A KÀ, TÀBÍ WÁKÀTÍ?

Ẹ ti rí i pé wákàtí ni a ń dárúkọ nínú àwọn àdéhùn wọ̀nyí. A kò sọ pé òṣìṣẹ́ 40 nínú 100. A sọ pé wákàtí 40 nínú 100. Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹ mú pẹ́ńsùlù yín, kí a jọ ṣe ìṣirò yìí.

Agbaṣẹ́ṣe kan mú ọmọ ìlú 10 àti àlejò 10. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ ìlú ṣe iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 1 péré, ó ní kí wọ́n máa lọ. Àwọn àlejò ṣe iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 49.

Wákàtí àwọn ọmọ ìlú: 10 × 40 × 1 = 400.
Wákàtí àwọn àlejò: 10 × 40 × 49 = 19,600.
Àpapọ̀ rẹ̀: 20,000.

Bí a bá ka orí, ọmọ ìlú jẹ́ 10 nínú 20, ìyẹn 50 nínú 100. Agbaṣẹ́ṣe yóò ya fọ́tò pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ka wákàtí, 400 nínú 20,000 ni, ìyẹn 2 nínú 100! Orí kan náà, iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ìṣirò méjì tí ó jìnnà sí ara wọn.

Níbo ni a ti ń rí wákàtí kà? Nínú ìwé owó-iṣẹ́ ni. Nínú iṣẹ́ ìkọ́lé tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń san owó rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ mú ìwé owó-iṣẹ́ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ó fi iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe hàn, àti iye tí a san. Àdéhùn tí ó dára máa ń sọ ẹni tí yóò ka ìwé náà, ìgbà tí yóò kà á, àti àwọn aráàlú tí yóò gbọ́ àbájáde rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ń kà á nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, iṣẹ́ yóò parí kí a tó mọ̀ pé a ti rẹ́ wa jẹ.

8. Ẹ GBỌ́ TẸNU ẸNÌ KEJÌ

A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dájọ́. Àwọn ènìyàn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọn kò fẹ́ irú àdéhùn yìí. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tí òṣìṣẹ́ wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ ní ó ń sé wọn mọ́ ìta, ó sì ń mú kí iye owó iṣẹ́ gòkè, nítorí pé àwọn tí ń du iṣẹ́ náà á dín kù. Àwọn tí ó fẹ́ ẹ ní ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ parí láìsí ìjà, ó sì ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gba owó tí ó tọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ṣe òfin pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi irú àdéhùn yìí ṣe dandan.

Àwọn ààrẹ pàápàá kò fẹnu kò. Ní ọdún 2001, Ààrẹ George W. Bush pàṣẹ pé kí a má fi ṣe dandan nínú iṣẹ́ tí owó ìjọba àpapọ̀ wà. Ní ọdún 2009, Ààrẹ Barack Obama yí àṣẹ náà padà. Ní ọdún 2022, Ààrẹ Joe Biden ní kí a máa lò ó nínú iṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba àpapọ̀ tí owó rẹ̀ bá tó mílíọ̀nù 35 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ tí a kọ lónìí kò lè yí padà lọ́la. Ẹni tí ó bá ní ànfààní nínú ìwé gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ìwé náà.

9. ÌDÁHÙN TÍ A FÚN BÀBÁ

Nígbà tí a padà dé kíláàsì, a sọ gbogbo èyí fún bàbá bíríkìlà. A wí fún un pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó ṣe iṣẹ́ méjì. À ń ka ìwé, a sì ń ka owó. "Kà" kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àdéhùn rí. Kíkà àkọ́kọ́ ni kí a ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí a tó tẹ̀ka tàbí kọ orúkọ wa sí i. Kíkà kejì ni kí a ka ohun tí wọ́n ṣe, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹni tí ó bá ka èkínní tí kò ka èkejì, ìlérí ni ó ní lọ́wọ́, kò tíì ní ànfààní.

A sì kọ ìbéèrè márùn-ún sí ara pátákó, tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ síbi ìwé àdéhùn yòówù:

1. Ta ni wọ́n dárúkọ, ta ni wọn kò sì dárúkọ?
2. Ṣé "gbìyànjú" ni wọ́n kọ, tàbí "gbọ́dọ̀"?
3. Èló ni iye rẹ̀, kí sì ni a ń kà, orí tàbí wákàtí?
4. Ta ni yóò máa kà á, nígbà wo sì ni?
5. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá ṣe é?

Bàbá wo pátákó náà títí. Ó dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti fi to bíríkì fún ọ̀pọ̀ ọdún gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́tà ńlá ńlá: GBỌ́DỌ̀. Ó yíjú sí ìyá tí ó jókòó lẹ́yìn. Ó ní, "Èyí ni mo fẹ́ máa wá nínú ìwé wọn."

Ìyá náà ní, "Bí o bá rí i, má tíì jó o. Dúró kí o kà á."

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A KỌ́

Agbaṣẹ́ṣe: ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó gba iṣẹ́ láti ṣe é fún ẹlòmíràn.
Ànfààní aráàlú: ohun rere tí ó yẹ kí àwọn tí ń gbé ní ibi iṣẹ́ rí gbà nínú iṣẹ́ náà.
Ìdaṣẹ́sílẹ̀: kí àwọn òṣìṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan láti má ṣe iṣẹ́.
Owó ìtanràn: owó tí ẹni tí kò mú àdéhùn tàbí òfin ṣẹ yóò san.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí àwọn ènìyàn fi jókòó sí iwájú ọkọ̀ akẹ́rù ní Brooklyn ní ọdún 1963?
2. Kí ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí ìlú Camden fi hàn?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òfin titun San Francisco àti ìlànà tí ó wà tẹ́lẹ̀?
4. Agbaṣẹ́ṣe kan mú ọmọ ìlú 5 fún ọ̀sẹ̀ 4, ó sì mú àlejò 5 fún ọ̀sẹ̀ 16. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Wákàtí mélòó nínú 100 ni ó jẹ́ ti ọmọ ìlú?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Ẹ wá ìwé àdéhùn kan nínú ilé yín. Ó lè jẹ́ ti ilé tí ẹ háyà, ti ẹgbẹ́ aláàjọ, tàbí ti iṣẹ́ tí ẹ gbà. Ẹ fi ìbéèrè márùn-ún yẹn kà á. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fàlà sí abẹ́ "gbìyànjú" àti "gbọ́dọ̀" níbi tí ẹ bá ti rí wọn. Ẹ mú ohun tí ẹ rí wá sí kíláàsì, kí a jọ kà á.